Ọmọ mi ju bọ́ọ̀lù 92 lọ́jọ́bọ̀, kóòṣì ò jẹ́ kó jù lọ́jọ́ Sátidé: ṣé wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù ú ni?

Ìyá kan tó ń gbé ní Katy, lẹ́bàá Houston níbí, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 17, òun ni pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi) tó dáa jù ní tíìmù béèsìbọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn, wọ́n sì ti wọ playoffs, ìdíje àṣekágbá ti gbogbo Texas. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ó ju bọ́ọ̀lù 92, wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ẹlòmíì jù, wọ́n fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa fi parí ẹ̀, kóòṣì ní kò lè jù, bẹ́ẹ̀ a gbọ́ pé scout yunifásítì méjì, àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ eré kiri, wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí wọ́n fi ayò kan ṣoṣo borí. Inú ń bí bàbá ẹ̀ gan-an, ó ní torí pé aláwọ̀ dúdú ni wá ni, ó sì fẹ́ gbé e lọ síbi ìdíje select kan, ti àwọn tíìmù àdáni tí kì í ṣe ti ilé ìwé, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ kí àwọn scout lè rí i. Èmi ní tèmi, mo ti rí i pé ọmọ yẹn máa ń di ìgúnpá ẹ̀ mú tó bá rò pé ẹnikẹ́ni ò wo òun. Ìyá mi n'Ìbàdàn ní ká máa fi Aboniki pa á. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ìpele tó kàn. Kí ni ká ṣe?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí, torí ohun tẹ́ ẹ fi sẹ́yìn, tẹ́ ẹ sọ bí ẹni ń sọ nǹkan kékeré, òun gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kóòṣì àti ti scout, a máa débẹ̀, mo sì máa là á yé yín dáadáa kẹ́yin náà lè là á yé bàbá ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 17 tó ń dọ́gbọ́n di ìgúnpá mú nígbà tí playoffs ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Ó ti pé ọdún 11 báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ athletic trainer, ẹni tó ń tọ́jú ara àwọn ọmọ eléré ìdárayá, láwọn ilé ìwé girama lágbègbè Houston yìí, ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo máa ń dúró sí tèmi ti yìnyín àti báńdéèjì, mo máa ń wo ojú àwọn ọmọ, mo máa ń wo ọwọ́ wọn, ohun tí mo sì rí ni pé pitcher kì í sọ pé ọwọ́ ń dun òun. Wọ́n á máa pa á mọ́ra, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ìgbà tó bá ti bọ́ sórí lo máa tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kóòṣì kúrò nílẹ̀. Kóòṣì kọ́ ló ṣòfin yẹn o. UIL ló ni ìdíje yìí, ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ University of Texas ní Austin láti 1910, àwọn náà ni wọ́n sì ń fún ilé ìwé ní ife-ẹ̀yẹ béèsìbọ́ọ̀lù ti gbogbo ìpínlẹ̀ láti 1949. Láti ọdún 2017, ó di dandan ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ àjọ eré ìdárayá ilé ìwé girama pé kí wọ́n máa ka iye bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù. Ti Texas rèé: ọmọ kan ò gbọdọ̀ ju 110 lọ lóòjọ́. Tó bá jù 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó lè jù lọ́jọ́ kejì. Láti 31 dé 45, á sinmi ọjọ́ kan, 46 dé 65 ọjọ́ méjì, 66 dé 85 ọjọ́ mẹ́ta, 86 sókè ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ yín jù 92, ọjọ́ mẹ́rin ló kàn án: Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè. Túsìdé ni òfin tó fún un láyè. Ká ní kóòṣì gbé e sórí òkìtì tí pitcher máa ń dúró lé lọ́jọ́ Sátidé, tí ilé ìwé kejì sì pe ẹjọ́, wọ́n lè gba ìṣẹ́gun yẹn lọ́wọ́ gbogbo tíìmù, àtọmọ tó jù lọ́jọ́ náà àtàwọn tó gbá.

Ẹ wá wò ó dáadáa, ìgbà tí kóòṣì yín ṣe ìpinnu gan-an ni Ọjọ́bọ̀. Kí ọmọ yín tó lè jù lọ́jọ́ Sátidé, 45 ló gbọ́dọ̀ ti dúró lọ́jọ́bọ̀, ìyẹn sì máa ń jẹ́ bíi inning (ìpín eré) mẹ́ta péré nínú méje tí àwọn ọmọ girama máa ń ta. Kóòṣì wò ó pé òun á fi ẹni tó dáa jù mú ọjọ́ kìíní, kó má bàa jẹ́ pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀yìn òun máa kan ògiri. Èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á tọ́jú ẹni tó dáa jù di ọjọ́ tó ṣòro, ọ̀rọ̀ tí àwọn kóòṣì máa ń jiyàn lé lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi níbẹ̀.

Ohun míì wà tí ọ̀pọ̀ òbí tiwa ò mọ̀, torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la fi dàgbà. Nínú playoffs Texas yìí, ilé ìwé mẹ́rin ló ń jáde láti district (ìsọ̀rí àwọn ilé ìwé) kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ níparí April tàbí ìbẹ̀rẹ̀ May, wọ́n á ta ìpele bi-district, wọ́n á ta area, wọ́n á bọ́ sí ti regional, kó tó di pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ State, ìpele tó kẹ́yìn, rárá. Láwọn ìpele ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, àwọn kóòṣì méjèèjì ló máa jókòó pinnu bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á ta tàbí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Tí wọn ò bá gbà síra wọn lẹ́nu, wọ́n á ju kọ́ìnì sókè ni! Ìdí sì wà tí wọ́n fi ń jà sí i. Ilé ìwé tó ní pitcher kan tó ń dẹ́rù bani, tí àwọn yòókù ò tó nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa fẹ́. Ilé ìwé tó ní pitcher mẹ́ta tó mọ́wọ́ á ní rárá o, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ta, torí ó mọ̀ pé òfin á mú pitcher tó ń dẹ́rù bani yẹn jókòó títí ìdíje yẹn á fi parí. Ọmọ tó jù lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fi ayò kan borí yẹn, ẹ bá mi kí i o, òun ló gbé ọmọ yín dé Ọjọ́bọ̀ yìí.

Ní ti ọ̀rọ̀ àwọ̀, mi ò ní sọ fún bàbá ẹ̀ pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí. Lọ́dún 2024, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láwọn tíìmù Major League, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, àwọn dúdú Amẹ́ríkà ò ju bíi mẹ́fà lọ, ẹ̀yin náà sì ti wo àyíká yín nídìí pápá, ẹ mọ bó ṣe rí. Owó select àti owó àwọn kóòṣì àdáni ti tì ọ̀pọ̀ ọmọ síta. Tí bàbá ẹ̀ bá rí i pé wọ́n ń fo ọmọ yìí láwọn ìgbà tí òfin fún un láyè láti jù, kó lọ bi kóòṣì, kó sì bi í dáadáa, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Àmọ́ ti Sátidé yẹn, 92 ni 92, ì báà jẹ́ ọmọ kóòṣì fúnra ẹ̀ ló jù ú, á jókòó. Mo tún fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀nà ò dí: Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, Milwaukee Brewers, tíìmù Major League kan, mú un lọ́dún 2015 láti ilé ìwé girama. Outfielder ni o, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn pápá, kì í ṣe pitcher, ṣùgbọ́n orúkọ tiwa ni wọ́n pè lọ́jọ́ yẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìgúnpá. Ohun tó ń dùn mí nínú òfin yìí ni pé àwọn òbí rò pé ó le jù, bẹ́ẹ̀ èmi rò pé ààbò kékeré ló jẹ́, torí bọ́ọ̀lù tí ọmọ bá jù sí ẹni tó mú igi lọ́wọ́ nìkan ló ń kà. Ẹ wo Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ jù ní bullpen, ibi tí pitcher ti ń gbóná, ó lè tó 30 tàbí 40. Ó dé orí òkìtì, òfin fún un ní mẹ́jọ láti fi gbóná ní inning àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn márùn-ún márùn-ún kí inning kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jù dé inning mẹ́fà, ẹ ró o pọ̀, ó ti kọjá 150, a ò sì tíì ka èyí tó jù sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní first base, a ò ka ti ìdánrawò lọ́jọ́ Túsìdé àti Wẹ́sìdé. Tí wọ́n bá wá gbé e lọ síbi select lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹni tó ń kà níbẹ̀ ò mọ ohun tó jù nílé ìwé, kóòṣì ilé ìwé náà ò sì lè rí ohun tó jù níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí nìkan lẹ wà níbi méjèèjì.

Iṣan kan wà nínú ìgúnpá, lápá inú, lọ́dọ̀ ibi tó máa ń sún mọ́ ìhà tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ yín sílẹ̀. Ó so egungun òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, àwọn dókítà ń pè é ní UCL. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú gbogbo agbára, wàhálà tó ń dé bá iṣan yẹn sún mọ́ gbogbo ohun tó lè gbà, ẹran apá tó yí i ká ló ń bá a gbé ẹrù náà. Tó bá ti rẹ ẹran apá, ẹrù ò dín kù, iṣan yẹn nìkan lá máa gbé e. Ẹ rántí okùn ìfami nídìí kànga, kì í já lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́nrán kan á kọ́kọ́ já, èkejì á tẹ̀ lé e, ẹni tó ń fa omi ò ní mọ̀ títí garawa á fi já sínú kànga. Àwọn onímọ̀ ní ASMI, ibùdó ìwádìí nípa ìpalára eré ìdárayá ní Birmingham ní Alabama, tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ń jù fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń jù ju inning 100 lọ lọ́dún, ewu ọgbẹ́ tó lágbára tiwọn fi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú iṣẹ́ ìwádìí míì tó jáde ní 2006, àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jù nígbà tí ọwọ́ ti rẹ̀ wọ́n, ìlọ́po 36 ni ewu pé wọ́n á dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Kí ọwọ́ ti rẹ ọmọ, kó ṣì máa jù, òun ló ń ba ìgúnpá jẹ́ jù.

Àwọn bàbá máa ń sọ fún mi pé ṣebí iṣẹ́ abẹ wà fún iṣan yẹn, pitcher tó ń jẹ́ Tommy John ṣe é ó sì padà. Òótọ́ ni. Dókítà Frank Jobe ló ṣe é fún un ní Los Angeles ní September 1974, ó sì tún jù títí di 1989. Pitcher tó ti dàgbà, tó wà ní Dodgers, tíìmù Major League, tí gbogbo dókítà wọn yí i ká nìyẹn. Ọmọ girama tó bá ṣe é lónìí, oṣù 12 sí 18 ló máa jókòó, ìyẹn ni pé sáà ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀ nílé ìwé ti lọ nìyẹn, ìgbà tó yẹ kí scout máa wò ó gan-an. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti pitcher kan, Kerry Wood, ọmọ Texas níbí, láti Grand Prairie. Ní June 1995, Chicago Cubs mú un ní ipò kẹrin, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ilé ìwé ẹ̀ ní kó jù nínú ìdíje méjì lọ́jọ́ kan náà nínú playoffs, bọ́ọ̀lù 175. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, May 6, 1998, ó lé àwọn agbábọ́ọ̀lù Houston Astros jáde nígbà 20 nínú ìdíje kan, ọmọ ogún ọdún. Lọ́dún 1999, ọ̀bẹ ni, kò ju bọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo sáà yẹn. Mi ò ní sọ pé ọjọ́ 175 yẹn ló fà á, ẹnikẹ́ni ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé e. Àmọ́ lábẹ́ òfin tí inú ń bí bàbá ọmọ yín sí yìí, wọn ò ní lè ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ ní Texas.

Mo ti rí irú ọmọ yín. Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ, ọmọ kan jù 108 lọ́jọ́ Jímọ̀ nínú playoffs, ó dáa débi pé gbogbo èèyàn dìde. Ó wá bá mi fún yìnyín, mo bi í pé ṣé ó ń dùn ẹ́, ó ní rárá o, sà. Mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣí ìgò omi, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ó máa ń lò. Mo rí i, mi ò sì tẹ̀ ẹ́ sí i, torí inú gbogbo wa ń dùn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè bàbá ẹ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yá tó, bọ́ọ̀lù kọkànlá, ó gbọ́ nǹkan tó já nínú ìgúnpá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí, ìgò omi yẹn ò tíì kúrò lójú mi, ìdí ẹ̀ gan-an rèé tí mo fi ń kọ gígùn báyìí sí yín.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lálẹ́ òní: ẹ mú ọmọ yẹn lọ síbi tí bàbá ẹ̀ ò sí, tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò sí, bóyá nínú mọ́tò, ẹ má bi í pé ṣé ó ń dùn ẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa dáhùn. Ẹ ní kó fi ìka kan tọ́ka ibi tó ń dà á láàmú. Tó bá jẹ́ òkè apá tàbí ẹran apá ní gbogbo gbòò, tó sì ti ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ àárẹ̀ lásán. Tó bá jẹ́ apá inú ìgúnpá ló tọ́ka sí, ojú kan pàtó, tàbí tó sọ pé ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ń ṣe òun yìnrìnyìnrìn, tàbí tí ọwọ́ ò ṣe é nà tán, tàbí tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò yá bíi ti March mọ́ tó sì ń lọ síbi tí kò rán an, kò gbọdọ̀ jù lọ́jọ́bọ̀. Kó lọ rí dókítà egungun tó mọ̀ nípa eré ìdárayá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ya MRI, àwòrán inú ìgúnpá. Ẹ sọ fún athletic trainer ilé ìwé náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè bá yín pe dókítà kí ọjọ́ tó lọ. Mo mọ̀ pé wàhálà insurance wà níbẹ̀, MRI ò sì wọ́n díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tó máa kù sí yín lọ́rùn.

Ẹ má pa Aboniki sí i kó tó lọ jù o, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Ẹ kí Màmá n'Ìbàdàn fún mi, ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, Aboniki sì dáa fún ẹ̀yìn tó ń ro àgbàlagbà, àmọ́ ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ara gbàgbé ìrora, ìrora yẹn sì ni ẹnu kan ṣoṣo tí iṣan yẹn ní. Bákan náà ni ibuprofen tí àwọn ọmọ máa ń gbé mì nínú dugout, ibi tí tíìmù máa ń jókòó sí. Ẹ yẹ báàgì ẹ̀ wò.

Ní ti Sọ́ńdè, mi ò fara mọ́ ọn rárá, ì báà jẹ́ pé ìgúnpá ẹ̀ le koko. Tó bá jù dáadáa lọ́jọ́bọ̀ yìí, Sọ́ńdè ò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin. Ìlànà Pitch Smart tí Major League fúnra wọn gbé jáde lọ́dún 2014 sọ pé ọmọ ọdún 17 kó má kọjá 105 lóòjọ́, tó bá sì ti jù 81 sókè, ọjọ́ mẹ́rin ni ìsinmi, ibi yòówù kó ti jù ú. Scout tó wá lọ́jọ́ Sátidé tí kò rí i lórí òkìtì mọ òfin yìí ju àwa lọ, á kàn wo ìwé, á rí 92, á sì mọ ọjọ́ tó máa padà wá. Ẹ tún má rò pé scholarship béèsìbọ́ọ̀lù rí bíi ti football Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 11.7 péré ni tíìmù Division I, ìpele tó ga jù nínú eré yunifásítì, ní, wọ́n á pín in fún ọmọ tó lè tó 27, kí wọ́n tó wá yí i padà ní 2025 fún àwọn ilé ìwé tó gbà láti wọnú ètò tuntun, àwọn wọ̀nyẹn lè ní ọmọ 34. Òótọ́ ni pé bàbá ẹ̀ ń pàdánù nǹkan kan tí wọn ò bá lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mi ò ní purọ́ fún un, àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ July ń bọ̀, ìdíje bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà yẹn bí omi òjò, ọwọ́ tó ti sinmi ni mo fẹ́ kó gbé lọ.

Tí dókítà bá ní kó sinmi, kò túmọ̀ sí pé tíìmù ti pàdánù ẹ̀. Kóòṣì lè jẹ́ kó máa gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bíi DH, ẹni tó ń gbá nìkan, tí kò ní ju nǹkankan, tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Kó má lọ ṣe catcher o, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù, catcher náà ń jù ní gbogbo ìgbà. Tí dókítà bá sì ní kò sóhun tó ṣe é, ẹ lè bá kóòṣì sọ ọ́ pé kó máa fi í sí ìparí ìdíje, bọ́ọ̀lù 30 sílẹ̀, kó má lo gbogbo ẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Kóòṣì míì á gbọ́, kóòṣì míì á ní ẹ má kọ́ òun níṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ti ìgúnpá yẹn fún un láìfi bò, torí ó lè jẹ́ pé kò mọ̀.

Èmi ò rí ọwọ́ ọmọ yín, orí fóònù ni mo wà, mi ò sì lè sọ bóyá àárẹ̀ ni tàbí iṣan ti ń já. Àwọn ọmọ kan ń jù bí ẹ̀rọ fún ọdún púpọ̀ tí nǹkankan ò ṣe wọ́n, àwọn kan sinmi bó ṣe yẹ tí ìgúnpá ṣì já. Mo tún mọ ohun tí Round Rock àti Austin, ibi tí wọ́n ti ń ta State ní ìbẹ̀rẹ̀ June, jẹ́ fún ọmọ Texas tó ń ta béèsìbọ́ọ̀lù, mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí ọmọkùnrin gìrìwò tó ń sunkún torí ó dé bẹ̀ lásán. Ọmọ yín á fẹ́ débẹ̀ tó fi lè gé ọwọ́ ẹ̀ fún un, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kò fi ní sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹ̀yin. Ẹ bi í lálẹ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà, ẹ fi ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ sí mi, ì báà jẹ́ òru, màá dá yín lóhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀.